Ọjọ́ Tí Ojúewé Pe Òdo Ní Ooru

Ìyàwó ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Aṣọ iléèwé ló ń rán, lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó gbé síwájú ilé wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Máṣíìnì. Nígbà tó yá, àwọn iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ tí wọ́n ti rán láti òkèèrè. Iṣẹ́ gbẹ. Kò sunkún lójú mi. Ó nu máṣíìnì náà, ó da aṣọ bò ó, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbàlagbà ní kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ bi í bóyá ó mọ ohun tó ń kó wọ̀.

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù ńbẹ̀? Èyí ò kúkú lè gún mi lábẹ́rẹ́."

Èmi ò kàwé jìnnà. Ohun tí mo bá sọ nípa kọ̀ǹpútà níbí, òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ibi tó bá ti fẹ́ lo ọ̀rọ̀ ńlá, mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ilé tí wọ́n ń kó oògùn pamọ́ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá òtútù kan wà níbẹ̀. Irin ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò ní fèrèsé, ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ là ń kó síbẹ̀. Irú èyí tí à ń kó yìí, bó bá gbóná, ó bàjẹ́. Bó bá dì, ó bàjẹ́. Wọ́n sì lè gún ọmọ ní èyí tó ti bàjẹ́, kí ìyá rẹ̀ máa yọ̀ lọ sílé pé ọmọ òun ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn, kó má sì bọ́. Láàárín méjì sí mẹ́jọ ni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí òṣùwọ̀n ooru, èyí tí omi ti ń dì ní òdo. Èmi ni mò ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ òtútù. Sọ́tùn-ún, òtútù pọ̀. Sósì, òtútù dín. Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ọ̀gá wa jẹ́ apòògùn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Ó ní òun fẹ́ ojúewé kan lórí kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ bí inú yàrá ṣe rí láìṣílẹ̀kùn. Ìyá Máṣíìnì gbọ́, ó wá, wọ́n gbà á. Kì í ṣe èmi ni mo bá a sọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá ọkọ àti ìyàwó ilé lábẹ́ ọ̀gá kan náà, bí ọ̀kan bá ṣẹ̀, wọn á ní àwọn méjèèjì ni.

Ojúewé náà kò le. Wáyà kan ń mú nọ́ńbà jáde láti inú yàrá òtútù. Nọ́ńbà yẹn á hàn gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ojúewé á ti sọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Tó bá ju mẹ́jọ lọ, gbogbo ojú rẹ̀ á pọ́n, aláàmù á ké, á kọ ọ́ pé: Ó GBÓNÁ JÙ, FI ÒTÚTÙ KÚN UN. Láti méjì dé mẹ́jọ, á ní àwọ̀ ewé: Ó DÁA. Tí kò bá tó méjì, á ní àwọ̀ aró: Ó TUTÙ JÙ, DÍN ÒTÚTÙ KÙ. Ó kọ irú rẹ̀ kan náà fún yàrá òtútù kékeré kan tó wà lẹ́yìn ibi tí mo máa ń dúró.

PHP ni orúkọ èdè tó fi kọ ọ́. Ó ní ohun kan wà nínú PHP tí wọ́n ń pè ní switch. Ó dà bí ẹni tó di nǹkan kan mú lọ́wọ́, tó ń lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu ilẹ̀kùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ case. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá ohun ọwọ́ rẹ̀ mu ló ń wọ̀. Tó bá ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ break ló ń mú un jáde. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbàgbé break, á ya wọ yàrá kejì, á tún ṣe iṣẹ́ tibẹ̀. Ìyá Máṣíìnì ti gbàgbé rẹ̀ rí níbi ẹ̀kọ́. Tíṣà rẹ̀ ní ó rán aṣọ tán, kò já òwú, ó wá rán aṣọ oníbàárà kan mọ́ ti ìkejì.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n gbé ẹ̀rọ òtútù tuntun wá láàárọ̀. Páálí àjẹsára kún yàrá dẹ́nu. Àwọn tó kó o wá ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi èdìdì òjé sí i. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án láti wá kó o lọ sí àwọn ibi tí àwọn ìyá ti ń dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá já èdìdì yẹn kí ọkọ̀ tó dé, wọn ò ní gbà á. Wọ́n máa kó gbogbo ẹ̀ dànù ni. Òfin wọn nìyẹn, a sì mọ̀ ọ́n.

Oòrùn mú. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mò ń gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ̀rọ tuntun, ó lágbára.

Aláàmù bá ké.

Mo dìde. Stọ́kípà wa ti sáré dé. Ọkùnrin sísanra ni, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo.

"Baba, ẹ yí i! Ẹ yí i sọ́tùn-ún!"

Mo ti gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà nínú yàrá tí Ìyá Máṣíìnì ti ń ṣiṣẹ́; ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ ibi tí mo dúró. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó GBÓNÁ JÙ, FI ÒTÚTÙ KÚN UN. Mo wo nọ́ńbà tó wà lókè rẹ̀.

Òdo ni.

Mo ní, "Òdo kẹ̀? Ìgbà wo ni òdo di ooru?"

"Ẹ tún ń bi mí! Wáyà ló já, Baba. Kò sí nọ́ńbà kankan tó ń bọ̀, ìyẹn ló ṣe fi òdo síbẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun yín ti kú!"

"Ó ń kùn."

"Fáànù ló ń kùn. Òkú náà ń gbin nígbà míì!"

Ọ̀gá jáde. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo oòrùn lóde, ó wo èdìdì lára ilẹ̀kùn.

"Baba, ẹ fi òtútù kún un."

"Ẹ má fi kún un, Baba!"

Ìyàwó ọmọ mi nìyẹn. Ó ti dìde lórí àga. Kò tíì fi ohùn bẹ́ẹ̀ pè mí rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀.

Ọ̀gá yíjú sí i. "Kí ló dé?"

"Ọ̀gá mà, tó bá jẹ́ òdo lóòótọ́ ló wà nínú ibẹ̀, tí Baba bá yí i, á dì."

"Tó bá wá jẹ́ pé ó gbóná ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tí mo kọ."

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé ó gbóná. Ojúewé rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó jókòó. Mo fi ọwọ́ kejì kan ilẹ̀kùn yàrá òtútù. Irin lásán. Bó ṣe nípọn tó yẹn, kò tutù, kò gbóná, kò sọ nǹkan kan fún mi.

Ìyá Máṣíìnì ṣí ohun tó kọ. Ó fi ìka tọ ìlà lójú kọ̀ǹpútà, bó ṣe máa ń tọ ojú rírán lára aṣọ. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀. "Break wà. Break wà. Break wà níbí náà." Ó wo àmì tó yẹ kó wà lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé. Ó wo ìgbẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní default, tó wà fún ohun tí kò bá rí ilẹ̀kùn wọ̀. Ó wà. Kò sí ibi tí òwú ti já.

Aláàmù kò dákẹ́.

"Ọ̀gá," Stọ́kípà ní, "ẹ máa wo ọ̀rọ̀ yìí o. Nígbà tí aránṣọ bá fi tún ìdí ṣòkòtò wò tán, àjẹsára á ti di ọbẹ̀ gbígbóná."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún mi," Ìyá Máṣíìnì ló wí bẹ́ẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn.

"Ṣé èmi ni aláàmù?"

Ó ṣe àdàkọ ohun tó kọ sójú ewé mìíràn, ó yọ wáyà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà sí i fúnra rẹ̀. Mẹ́sàn-án: ó pọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Márùn-ún: àwọ̀ ewé. Ọ̀kan: àwọ̀ aró. Mẹ́ta sábẹ́ òdo: àwọ̀ aró. Gbogbo ẹ̀ ṣe déédéé.

"Ṣé ẹ rí i?" Stọ́kípà ní. "Ojúewé ò lẹ́ṣẹ̀. Wáyà ló já."

Ọ̀gá súnmọ́ mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Baba, a ò lè dúró. Ẹ yí i díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó parí, Ọ̀gá."

"Mo mọ̀ pé ìyàwó ọmọ yín ni."

"Kì í ṣe tìyẹn."

Apá kan rẹ̀ jẹ́ tìyẹn. Apá kejì ni pé ẹ̀rọ yẹn lágbára. Bí mo bá yí i sọ́tùn-ún, tí òdo náà sì jẹ́ òdo, kò sí bí mo ṣe fẹ́ fa òtútù náà padà kó má dì. Ó sì tún lè jẹ́ pé Stọ́kípà ló gba ọ̀rọ̀ sọ, tí ọmọ ọlọ́mọ ń ti ọwọ́ mi ṣòfò bí mo ṣe dúró. Òógùn bọ́ sí mi lójú. Mo fi ọwọ́ kejì nù ún.

Ìyá Máṣíìnì gbé ọwọ́ sí ọrùn, ó ń wá téèpù aránṣọ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

"Mi ò fi òdo wò ó," ló wí.

"Kí lo wí?" Ọ̀gá ní.

"Nígbà tí mo kọ ọ́, mo fi mẹ́sàn-án wò ó, mo fi márùn-ún wò ó, mo fi ọ̀kan wò ó, mo fi ti ìsàlẹ̀ òdo wò ó. Mi ò fi òdo wò ó. Lára téèpù, ibi òdo ni ọwọ́ fi ń di téèpù mú, Ọ̀gá. A kì í fi wọn ẹnikẹ́ni. Mo fò ó bí mo ṣe máa ń fò ó."

Ó tẹ òdo.

Ojú ewé náà pọ́n. Aláàmù kejì ké lé ti àkọ́kọ́. Ó GBÓNÁ JÙ, FI ÒTÚTÙ KÚN UN. Kò sí wáyà kankan lára rẹ̀.

Stọ́kípà ní, "Haa!"

Ó fi ìka kan case àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń sáré jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é. Ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, mo kọ ìbéèrè síbẹ̀: ṣé nọ́ńbà yìí ju mẹ́jọ lọ? Tó bá jẹ́ òdo, ìdáhùn ni rárá. Ṣùgbọ́n switch kì í gbọ́ ìbéèrè. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi wé ohun tó bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òdo ló dì mú. Rárá ló bá níbẹ̀. Lójú PHP, òdo àti rárá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ló bá wọlé."

Ọ̀gá ní, "Kí ló dé tí àwọn yòókù fi ṣe déédéé?"

"Nọ́ńbà tí kì í bá ti í ṣe òdo, bẹ́ẹ̀ni ló ń kà á sí. Márùn-ún, bẹ́ẹ̀ni. Ti ìsàlẹ̀ òdo, bẹ́ẹ̀ni. Wọ́n á kọjá lẹ́nu ibi tó ní rárá, wọ́n á wọ ibi tó ní bẹ́ẹ̀ni. Ó ń bọ́ sí i fún mi, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n kọ."

Mo ti fẹ́ yí bọ́tìnnì sósì. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró, Baba. Ohun tó fi hàn wá ni pé ojúewé ń purọ́ tó bá rí òdo. Kò tíì fi hàn wá pé òdo yẹn kì í ṣe wáyà tó já. Tó bá jẹ́ wáyà ló já, a ò mọ nǹkan kan. Ó ṣì lè gbóná."

Òótọ́ ló sọ. Ó dùn mí pé òótọ́ ni.

Ìyá Máṣíìnì di orí mú. Ó wò mí. "Baba, yàrá kékeré! Ojúewé kan náà ni mo kọ fún un, kò sì sí nǹkan nínú ẹ̀. Ẹ bá mi fa wáyà rẹ̀ yọ, ká wo ohun tí yóò kọ tí wáyà bá já."

Ẹ̀yìn mi ni yàrá kékeré wà. Mo gbọ́dọ̀ fi bọ́tìnnì sílẹ̀ kí n tó débẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Mo di wáyà mú nídìí ògiri, mo fà á. Ó le. Mo tún fà á, ó yọ lọ́wọ́ mi.

Mo bojú wẹ̀yìn. Stọ́kípà ti gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Ẹni tí ẹ̀rù bà sì máa ń fẹ́ kí ọwọ́ òun ṣáà ṣe nǹkan.

"Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀!"

"Baba, àwọn ọmọdé ni o!"

"Mo ní gbé e kúrò! Bọ́tìnnì yẹn kì í ṣe tìẹ."

Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó jù mí lọ, ó lè jù mí sókè tó bá fẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lórí ọwọ́, à ń mí.

"Ẹ wá wò ó," Ìyá Máṣíìnì ní.

Ojúewé yàrá kékeré ti hàn. Ó pọ́n. Ó ní ó gbóná jù. Ṣùgbọ́n ibi tí nọ́ńbà máa ń wà, ó ṣófo. Kò sí òdo níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Tí wáyà bá já, ibẹ̀ á ṣófo, PHP á sì ka òfo náà sí rárá," ló wí. "Ti yàrá ńlá ò ṣófo. Òdo ló kọ. Òdo ni, Ọ̀gá. Ó ti fẹ́ dì."

Ọ̀gá ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Baba, ẹ dín in kù."

Stọ́kípà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà. Mo yí i sósì dé òpin.

Kò tíì tán. Ẹ̀rọ tó ń sáré kì í dúró lójú ẹsẹ̀. A dúró, à ń wo nọ́ńbà. Ó yí padà. Ọ̀kan sábẹ́ òdo. Ojúewé bá kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ aró, aláàmù dákẹ́: Ó TUTÙ JÙ. Ìgbà tó bá burú sí i tán ló ń sọ òótọ́. Stọ́kípà fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀.

Ìyá Máṣíìnì ò dúró wò. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà lé switch lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ni ni kí òun fi lé e lọ́wọ́, kó máa wá ilẹ̀kùn tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni. Ó pa nọ́ńbà rẹ́ lẹ́nu switch, ó kọ true síbẹ̀, ìyẹn ni bẹ́ẹ̀ni lédè PHP. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ó tẹ òdo sínú ewé tó fi ń dán an wò. Àwọ̀ aró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ aró. Ó wá fi èyí tó tún ṣe rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, gẹ́lẹ́ bí nọ́ńbà yàrá ńlá ṣe gòkè padà sí òdo. Kò pọ́n. Ó dúró sórí aró. Ó di ọ̀kan. Ó di méjì, ó sì ní àwọ̀ ewé. Mo yí bọ́tìnnì padà sí àárín.

Ọkọ̀ dé. Obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ já èdìdì. Páálí kọ̀ọ̀kan ní àmì kékeré kan lára tó máa ń yí padà tí nǹkan inú rẹ̀ bá dì. Àwọn páálí tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ gan-an ti yí padà. Ó kó wọn sọ́tọ̀. Ó wo tẹ̀yìn wọn. Wọ́n dáa. Ó wo ti àárín, ó wo ti ìdí ògiri. Wọ́n dáa. Stọ́kípà bá wọn gbé e sọ́kọ̀, òun nìkan ṣe iṣẹ́ ẹni méjì.

Ọ̀gá dúró ti àwọn páálí tó bàjẹ́. Ìyàwó ọmọ mi lọ bá a.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà."

"Mo mọ̀."

"Èyí tó bàjẹ́ yìí..."

"Máa fi òdo dán an wò, máa fi mẹ́jọ dán an wò, máa fa wáyà yọ dán an wò. Kí gbogbo ojúewé tí o bá kọ níbí gba ọwọ́ ọ̀tá rẹ kó tó dé ọwọ́ Baba." Ó nawọ́ sí Stọ́kípà. "Òun ni kí o máa fún kó wá àṣìṣe rẹ̀. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn nìyẹn."

"Ọ̀gá, èmi kẹ̀?" Stọ́kípà ké láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Mo rò pé ó ti tán. Mo gbé omi fún Ìyá Máṣíìnì, ó mu ún dé ìlàjì, ó bá gbé ife náà dúró lẹ́nu. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ gbà mí, Baba. Táńkì!"

Ó ti kọ irú rẹ̀ fún ilé ìfọṣọ kan kó tó wá síbí. Ojúewé tó ń wo omi táńkì wọn. Case àkọ́kọ́ níbẹ̀: ṣé ó ti fẹ́ kún? Tó bá ti fẹ́ kún, kí wọ́n pa ẹ̀rọ omi.

Ó ti gbé fóònù. Mò ń gbọ́ tiẹ̀ nìkan.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni, Ìyá Máṣíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ojúewé sọ nípa omi yín? ... Ó ní ó kún? Nọ́ńbà wo ló wà lókè rẹ̀? ... Òdo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnì kan kó gun òkè lọ wo inú táńkì. Rárá, ẹ má wo kọ̀ǹpútà. Inú táńkì."

Ó ń dúró. Ó ń fi ìka lu tábìlì. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà tó padà dé, ó ga débi pé èmi náà gbọ́ ọ: ó gbẹ táútáú, láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń bú àwọn òṣìṣẹ́ omi.

Ìyàwó ọmọ mi di ojú. "Ẹ tan ẹ̀rọ omi, mà. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ omi. Mò ń bọ̀ níbẹ̀ báyìí."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde sínú oòrùn. Ó gbàgbé sálúbàtà rẹ̀ kan sábẹ́ tábìlì, ó padà wá mú un.